Itọ́ tí mo fi ń rin òwú

Télọ̀ ni mí ní Ìkòròdú, ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà Ìgbógbo. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ mọ̀ pé kí èèyàn tó ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, á kọ́kọ́ ki orí òwú náà bọ ẹnu, á fi itọ́ rin ín, á fi ètè tẹ̀ ẹ́ kó lè mú ṣóńṣó. Ọwọ́ àti ẹnu ló ń ṣe é, ọkàn kì í sí níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Ọ̀wàrà 2021, mo ki òwú bọ ẹnu, kò sí itọ́. Mo mu omi, mo tún un ṣe, omi ò lẹ̀ mọ́ òwú bí itọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ahọ́n mi ti lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo tì í kó tó wọlé. Ọmọṣẹ́ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò mọ̀ bóyá kó gbà á lọ́wọ́ mi tàbí kó máa wò mí.

Oògùn kan tí wọ́n ń pè ní amitriptyline ló gbẹ itọ́ náà. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Àwọn tó ń pè mí ni mo tìtorí wọn kọ èyí. Lóṣù tó kọjá, mo sọ ọ́ níwájú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni mò ń lò láti ọdún mélòó kan, pé oríṣi méjì ni mo sì ń lò pọ̀. Mo ti múra sílẹ̀ pé wọ́n á máa sá fún mi. Fóònù mi ni ò sinmi. "Àǹtí, èwo lẹ ń lò?" "Ìyá Ìbejì, nínú gbogbo ẹ̀, èwo ló dáa jù?" "Tèmi ò ṣiṣẹ́ mọ́, ṣé kí n ra tiyín kún un?" Ìbéèrè ìkẹta yìí, obìnrin kan ní Ìjẹ̀dẹ̀ ló bi mí, òun ló sì bà mí lẹ́rù tí mo fi jókòó kọ̀wé.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí àìsàn náà ṣe rí. Kò sẹ́ni tó kú mọ́ mi lọ́wọ́, ọkọ mi ò lé mi, ṣọ́ọ̀bù mi ò jóná. Àwọn èèyàn máa ń fẹ́ kí n dárúkọ ohun kan, mi ò rí ohun tí màá dárúkọ. Ó kàn ń dín kù ni, bíi àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Aago mẹ́ta òru lojú mi ń là, oorun ò sì ní padà wá mọ́. Màá wà lórí bẹ́ẹ̀dì títí wọ́n á fi pe ìrun àárọ̀ ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa, màá gbọ́ nígbà tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe "Sábó! Sábó!", ẹsẹ̀ mi ò ní gbéra. Ẹ̀bà dà bí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu mi. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan wà nílẹ̀ fún obìnrin 22, léèsì aláwọ̀ ewé. Mo gé ti ẹnì kan, mo sì jókòó ti ìyókù fún ọjọ́ mẹ́rin. Kì í ṣe pé mò ń sunkún. Ẹkún ì bá sàn. Nígbà tó yá, èrò pé ó sàn kí n má jí mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí wò, ní pẹ̀lẹ́, bí àlejò tó mọ ọ̀nà ilé.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì ni wọ́n wo ibà àti táífọ́ọ̀dù fún mi, wọ́n fa omi sí mi lára, mo sanwó. Nígbà tí mo ní oorun ló ń yọ mí lẹ́nu jù, wọ́n fún mi ní amitriptyline, hóró kan lálẹ́, 25 miligíráàmù. Wọn ò dárúkọ àìsàn kankan. Wọn ò sọ pé ẹnu á gbẹ, pé ojú á máa ṣe bàìbàì, pé mo lè lo ọjọ́ mẹ́rin láì yàgbẹ́, pé òòyì á kọ́ mi tí mo bá yára dìde. Oṣù márùn-ún ni mo fi lò ó. Mo sùn lóòótọ́, mo máa ń sùn di aago mẹ́wàá àárọ̀ tí àwọn oníbàárà á ti máa gbá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ìbànújẹ́ náà sùn tì mí, àwa méjèèjì la sì jọ ń jí.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé 25 miligíráàmù kì í ṣe ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lára àgbàlagbà. Oorun àti àwọn ìrora kan tó máa ń ta bí iná ni wọ́n sábà máa ń lo ìwọ̀n kékeré bẹ́ẹ̀ fún. Tó bá jẹ́ ti ìrẹ̀wẹ̀sì, díẹ̀díẹ̀ ni dókítà á máa gbé e lọ sí 75, sí 100, nígbà mìíràn sí 150, á sì máa ṣọ́ bí ọkàn onítọ̀hún ṣe ń lù, torí oògùn yẹn kò fọwọ́ kékeré mú ọkàn. Gbogbo ìyà inú rẹ̀ ni mo jẹ, mi ò débi tí oore rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù márùn-ún nínú ayé mi. Ó ṣì ń dùn mí.

Àbúrò mi obìnrin ló já a. Nọ́ọ̀sì ni ní ìlú Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí fóònù la ti ń ríra. Lọ́jọ́ kan ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yọ ahọ́n yín kí n rí i." Mo yọ ọ́. Ó ní kí n gbé páálí oògùn náà sójú kámẹ́rà. Nígbà tó rí i, kò bínú, ohùn rẹ̀ kàn lọ sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló fún yín lèyí, kí sì ni wọ́n sọ pé ó ń ṣe yín?" Òun lẹni àkọ́kọ́ tó dárúkọ dipírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, sí mi létí.

Ìyá ìjọ wa ló bá mi lọ sí Yábà. Ẹ mọ bí orúkọ yẹn ṣe rí létí ará Èkó. Ọsibítù ọpọlọ yẹn ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1907, àmọ́ títí dòní, tí ẹ bá ní "mò ń lọ Yábà," ẹni tó ń gbọ́ yín á kọ́kọ́ wò yín láti orí dé ẹsẹ̀. Láti ìgbà tí bọ́ọ̀sì BRT ti dé Ìkòròdú lọ́dún 2015, ìrìn náà ti rọrùn díẹ̀: ẹ wọkọ̀ ní gáréèjì, ẹ gba Mile 12, Kétu, Òjótà, ẹ sọ̀ ní Fádéyí. Gbogbo ojú ọ̀nà yẹn ni ìyá ìjọ fi di ọwọ́ mi mú. Kò gbàdúrà sókè, kò wàásù fún mi. Ó kàn di ọwọ́ mi mú lórí itan rẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin dání.

Dókítà tó gbà mí wọlé kéré sí mi dáadáa lọ́jọ́ orí. Ó bi mí ní ohun tí kò sẹ́ni tó bi mí rí. Ṣé ìgbà kan wà rí tí mi ò sùn fún ọjọ́ mélòó kan tí kò sì rẹ̀ mí, tí mò ń náwó bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́, tí ọ̀rọ̀ ń já lẹ́nu mi? Ṣé ẹnì kan nínú ẹbí wa rí bẹ́ẹ̀? Mo ní rárá. Ó ní ìdí tóun fi ń bi mí ni pé àwọn kan wà tí ìrẹ̀wẹ̀sì tiwọn jẹ́ ìdajì àìsàn mìíràn tí wọ́n ń pè ní bipolar, àti pé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan lè sọ wọ́n sókè jù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n yẹ ẹṣẹ́ inú ọrùn tí wọ́n ń pè ní táírọ́ìdì (thyroid) wò, torí tí iyẹn bá ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, èèyàn lè máa ṣe bí mo ṣe ń ṣe. Ó bi mí léèrè nípa èrò ikú, tààrà. Mo sọ fún un. Ó ní kí ọkọ mi máa tọ́jú oògùn náà lọ́wọ́ ara rẹ̀, kó máa fún mi níwọ̀nba. Ọkọ mi ṣe é fún oṣù mẹ́jọ, kò sì fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan.

Fluoxetine ni wọ́n kọ́kọ́ kọ fún mi, 20 miligíráàmù láàárọ̀. Dókítà ní, "Màmá, ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kẹ́ ẹ tó rí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ la fi ń dá a lẹ́jọ́. Èébì lè máa gbé yín lákọ̀ọ́kọ́, á lọ." Mo gbọ́, mo sì mi orí. Lọ́jọ́ kejìlá mo jáwọ́. Èébì ń gbé mi, ọkàn mi ò fúyẹ́ rárá, mo ní oògùn yìí náà kò gbọ́ tèmi. Àbúrò mi ló bẹ̀ mí tí mo fi padà sí i. Ó ní ohun tó ń ṣòro nínú oògùn yìí ni pé ìyà ló ń kọ́kọ́ dé, oore á sì máa bọ̀ lẹ́yìn, àwọn tó sì ń jáwọ́ láàárín méjèèjì ló ń sọ kiri pé kò ṣiṣẹ́.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà ni mo ti ń kọ ọ́: ọjọ́, oògùn, aago tí mo jí, àti iye ìgbà tí mo ti òwú kó tó wọlé. Ohun tí ọwọ́ mi lè wọ̀n nìyẹn, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ìbànújẹ́. Dókítà fẹ́ràn ìwé yẹn, ó ní ó wúlò fún òun ju "ara ń yá díẹ̀" lọ.

Ọ̀sẹ̀ keje, ọmọṣẹ́ mi ní, "Àǹtí, ẹ ti ń kọrin." Mi ò mọ̀ pé mò ń kọrin. Itọ́ ti padà sẹ́nu mi. Àmọ́ aago mẹ́ta òru ṣì ń jí mi, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n. Ìlà ṣọ́ọ̀kì tí mo bá fà lórí aṣọ ń rìn kọ́rọkọ̀rọ bí ipa ìgbín. Òwú tí mo ti ń tì lẹ́ẹ̀kan di ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ọ̀rọ̀ yàrá pẹ̀lú: ara mi kú sí ọkọ mi. Mi ò ní fi èyí pa mọ́, torí ó wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dá oògùn dúró láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́ fún dókítà. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe kọ èébì àti oorun sílẹ̀, ó ní ó wọ́pọ̀ gan-an, ara ohun tóun ń wọ̀n nìyẹn.

Ibi tí mo dé yìí ni ìbéèrè yín, "èwo ló dáa jù", ti wá. Àbúrò mi ka ìwádìí kan fún mi tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet lọ́dún 2018. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì 21 ni wọ́n kó jọ, ìdánwò 522, àwọn èèyàn tó kópa sì lé ní 116,000. Gbogbo oògùn 21 náà ló ṣe ju hóró tí kò ní oògùn nínú lọ. Ìyàtọ̀ agbára àárín wọn kò tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ wá gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu: amitriptyline, èyí tó gbẹ itọ́ mi, òun ló wà lókè pátápátá tó bá di ti agbára. Ó sì tún wà lára àwọn tí àwọn èèyàn ń já sílẹ̀ jù tí wọ́n bá fi wọ́n wéra. Fluoxetine, sertraline àti escitalopram wà lára àwọn tí ara ń gbà jù. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá bi mí pé èwo ló dáa jù, èmi á bi yín padà: iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, kí ni oògùn náà lè gbà lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ sì lè fara dà á? Awakọ̀ kò lè gba oorun ọ̀sán. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ venlafaxine fún un, torí ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Èmi télọ̀, mi ò lè gba ọwọ́ gbígbọ̀n.

Wọ́n yí mi sí sertraline. Dókítà ní kí n dá fluoxetine dúró, kí n dúró fún ọjọ́ mélòó kan kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí fluoxetine máa ń pẹ́ nínú ara, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tán pátápátá. A bẹ̀rẹ̀ ní 50, a gbé e dé 100. Nílé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní oògùn tí wọ́n bá ti ń pààrọ̀ rẹ̀, àìsàn náà lọ́wọ́ ayé nínú. Mo bi dókítà. Ó ní ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2006, àwọn tó kópa tó 4,000. Oògùn kan náà ni wọ́n kọ́kọ́ fún gbogbo wọn, citalopram, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló sì yá pátápátá lórí rẹ̀. Àwọn ìyókù ní láti pààrọ̀ tàbí kí wọ́n fi òmíràn kún un. Mo lọ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bẹ́ẹ̀, pé nínú ẹni mẹ́ta, méjì ló rí bíi tèmi, ṣé gbogbo wọn ni ayé ń dà láàmú? Ó dákẹ́, ó sì padà ra ọsàn wá fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Sertraline da inú mi rú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ń sáré lọ sílé ìyàgbẹ́, lẹ́yìn náà ó lọ. Ọwọ́ mi rọlẹ̀. Ìlà ṣọ́ọ̀kì tọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tí fluoxetine kò ní, ọjọ́ Orò ni mo sì fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ará Ìkòròdú mọ̀ pé obìnrin kì í jáde lọ́jọ́ náà. Oògùn mi ti tán láti ọjọ́ méjì ṣáájú, mo ní màá rà á lọ́la, màá rà á lọ́la, ọkọ mi sì wà ní ìrìn-àjò. Lọ́jọ́ kẹta yẹn, mo wà nínú ilé, ilẹ̀kùn tì, tí mo bá ti yí ojú báyìí, nǹkan á ta mí nínú orí bí iná mànàmáná, fìrì, á sì lọ. Òòyì, ẹkún láìnídìí, àlá burúkú. Mo rò pé àìsàn ló ti padà. Àbúrò mi ní rárá, ara ló ń wá oògùn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Pé sertraline kì í pẹ́ nínú ara, láàárín ọjọ́ kan, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n fluoxetine ì bá ṣì kù nínú mi débi pé mi ò ní mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Látọjọ́ náà, tó bá ti ku hóró mẹ́wàá, mo ti gbéra lọ rà á.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ lílo méjì pọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin lórí sertraline, mo ti yá dé ìdajì. Mò ń ránṣọ, mò ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n aago mẹ́ta òru ṣì dúró gbọn-in, oúnjẹ ò sì wọlé. Dókítà ní òun fẹ́ fi mirtazapine kún un, 15 miligíráàmù lálẹ́. Ó sì sọ ohun kan tí mo fi ń bọlá fún un títí dòní. Ó ní, "Màmá, mi ò ní purọ́ fún yín." Ó ní wọ́n ti dán èyí wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó jáde lọ́dún 2018: àwọn 480 tí oògùn kan kò tíì wò sàn tó, wọ́n fún àwọn kan ní mirtazapine kún un, wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró lásán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó nǹkan, àwọn tó gba oògùn gidi náà sì ní wàhálà ara jù. Ó ní òmíràn tún wà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011, tí wọ́n fún àwọn kan ní oògùn méjì pọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sì ṣe ju escitalopram nìkan lọ.

Mo ní, "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fẹ́ fún mi?"

Ó ní torí oorun àti oúnjẹ ni. Pé ọ̀nà tí sertraline ń gbà yàtọ̀ sí ti mirtazapine: ọ̀kan ń dí serotonin, èròjà kan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, lọ́wọ́ kó má padà sílé kíákíá, èkejì ń ti àwọn ilẹ̀kùn mìíràn, lára wọn sì ni èyí tó jẹ́ pé tí wọ́n bá tì í, èèyàn á sùn, ebi á sì pa á. Pé ohun tó kù lára mi gan-an ni mirtazapine máa ń mú wá bí ẹ̀bùn, tí àwọn ẹlòmíràn ń sá fún. Pé a máa dán an wò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí a jọ fẹnu kò lé lórí, tí kò bá ṣe nǹkan, a máa yọ ọ́, a ò ní fi sílẹ̀ níbẹ̀ kó máa gbé inú mi lásán.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu mi nìyí ju ohun gbogbo lọ. Tí aṣọ kò bá bá oníbàárà mu, mi ò lè tú èjìká, kí n fún ìbàdí, kí n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Tó bá wá dáa, èwo ló tún un ṣe? Tó bá bàjẹ́, èwo lo máa tú?" Ojú kan ni wọ́n ń tú, oníbàárà á wọ̀ ọ́, wọ́n á wò ó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni dókítà yẹn ṣe mí. Sertraline kò kúrò ní 100 nígbà tí mirtazapine wọlé. Nítorí náà nígbà tí mo sùn di aago márùn-ún àbọ̀ lálẹ́ kẹta, tí mo jí tí ilẹ̀ ti ń mọ́, tí mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí mo ń sunkún ayọ̀ tí ọkọ mi fi dìde wá bi mí pé kí ló dé, a mọ ẹni tó ṣe é.

A mọ ẹni tó ṣe ìyókù náà. Mo fi téèpù ara mi wọn ìbàdí mi: 34 nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, 38. Mo tú síkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, mo fi aṣọ kún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bóyá hóró lásán ì bá fún mi ní oorun kan náà, mi ò lè búra. Ìwé ẹ̀yìn ìwọ̀n wà lọ́wọ́ mi, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mò ń sọ. Àmọ́ mi ò ní gba ìwádìí yẹn kúrò lọ́wọ́ yín torí pé tèmi dáa.

Lórí bẹ́ǹṣì Yábà, mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn pàdé tí tiwọn yàtọ̀. Ìyá kan ń lo lithium kún tirẹ̀, wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ déédéé torí ìwọ̀n tó ń woni sàn àti èyí tó ń pani lára kò jìnnà síra. Ọkùnrin kan, quetiapine díẹ̀ ni wọ́n fi kún tirẹ̀. Àbúrò mi ní bupropion kì í sábà pa ara tọkọtaya bí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹni tó ní wárápá. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn tí oògùn rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ní báyìí, ìwọ arábìnrin Ìjẹ̀dẹ̀, gbọ́ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe. Lọ́dún 2023, ẹ̀yìn dùn mí torí iṣẹ́ Iléyá tó pọ̀. Mo dúró níbi ṣọ́ọ̀bù oògùn kan létí ọ̀nà, mo ní kí wọ́n fún mi ní ti ìrora tó lágbára. Tramadol ni ọmọkùnrin ibẹ̀ kó fún mi. Kò bi mí ohun tí mò ń lò, èmi náà ò sọ. Mo lo kan lọ́sàn-án, mo lo èkejì nírọ̀lẹ́. Kó tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́, òógùn ti rin mí bí ẹni tí òjò pa, ara mi gbóná, àyà mi ń lù kìkì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ mi ń ta fúnra rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí mi ò lè dá a dúró. Ọkọ mi ti ń wá oògùn ibà. Nígbà tí àbúrò mi rí mi lórí fóònù, ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ lò lónìí?" Mo dárúkọ ẹ̀. Ó pariwo pe ọkọ mi: "Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù báyìí báyìí, ẹ kó gbogbo páálí oògùn dání!" Òru méjì ni mo lò níbẹ̀.

Serotonin ló pọ̀ jù lára mi. Sertraline ń gbé e sókè, tramadol náà ń gbé e sókè, àwọn oògùn ikọ́ kan tí wọ́n ní dextromethorphan nínú ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì méjì tí kò sí dókítà tó so wọ́n pọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti pa èèyàn rí. Torí rẹ̀ ni mo fi àgbo sílẹ̀ pẹ̀lú, èmi tí ìyá mi fi àgbo tọ́ dàgbà. Mi ò mọ gbogbo ohun tó wà nínú ìgò náà, dókítà mi náà ò sì mọ̀ ọ́n.

Ọmọṣẹ́ mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún 19, béèrè ọ̀kan nínú hóró mi lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan tí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ fi í sílẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó tì í. Mo sọ fún un pé fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 25, oògùn yìí lè ru èrò ikú sókè ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, débi pé láti ọdún 2007 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ náà sára páálí fún àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní ọjọ́ orí rẹ̀. Pé kì í ṣe pé wọn kì í fún wọn, wọ́n ń fún wọn, àmọ́ ojú ní láti wà lára wọn. Mo bi í bóyá ó ti ń ronú ikú. Ó ní rárá, ọkàn òun kàn bàjẹ́ ni. A jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Mo ṣì ń bi í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Owó oògùn ti le, mi ò ní sọ púpọ̀ níbẹ̀. Owó tí mo fi ń ra oṣù kan lọ́dún 2022 kò lè ra ọ̀sẹ̀ méjì mọ́. Ẹni tí owó bá fẹ́ já kó padà sọ fún dókítà, kí wọ́n wá èyí tó rọjú fún un. Kó má pín hóró sí méjì fúnra rẹ̀.

Ara mi ti dá láti ọdún kan ó lé. Dókítà ní a lè bẹ̀rẹ̀ sí í ronú àti yọ mirtazapine, láti 30 tí mo ti dé, sí 15, ká sì wò ó. Sertraline á ṣì dúró. Ojú kan ni wọ́n ń tú. Ọjọ́bọ̀ yìí ni mo ń lọ.

Mo ti pe arábìnrin Ìjẹ̀dẹ̀ padà, ó sì ti gbà láti bá mi lọ. Aago márùn-ún àbọ̀ àárọ̀ la fi àdéhùn sí, ní gáréèjì. Mo ti sọ fún un pé kó má fi nǹkan kan kún oògùn rẹ̀ títí di ọjọ́ náà, kó sì má dá a dúró. Mo ní kó kó gbogbo ohun tó ń lò sínú ọ̀rá kan, títí dórí ti ikọ́, ti ẹ̀yìn ríro, àti ìgò àgbo tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.